Àríwísí Mẹ́ta Lórí Káséètì Kan

Ariwo ẹ̀rọ ìlagi ni mo kọ́kọ́ rò pé mo ń gbọ́. Ọjọ́ Sátidé kan ni, a wá ṣe ìmọ́tótó ọgbà ọ́fíìsì wa ní Ìgèdè, mo sì wọ ẹ̀wù dúdú kan tí mo ṣà nínú òkìtì ọ̀kíríkà ní Fájuyì nítorí pé ó nípọn. Àwọn tó ṣe é kọ nǹkan sí àyà rẹ̀ tó rí bíi gbòǹgbò igi tí àgbàrá hú síta, kò sì sí ẹni tó lè kà á. Ọmọbìnrin àgùnbánirọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa lọ́dún náà wo àyà mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Dádì, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ wọ̀ ṣá?"

"Ẹ̀wù ni mo wọ̀," mo dá a lóhùn.

Ó fi íápíìsì fóònù rẹ̀ sí mi létí. Ó ní orúkọ ẹgbẹ́ olórin kan ló wà láyà ẹ̀wù náà, pé bíláàkì mẹ́tàlì ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀, àti pé òyìnbó kèfèrí ni àwọn tó ń kọ ọ́, àwọn ọmọ tó ń wá òrìṣà tí àwọn babańlá wọn ń bọ kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó rò pé màá yọ ọ́ létí kíá. N kò yọ ọ́. Mo pẹ́ kí n tó lọ sílé ìwé. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọ́ ìwé kíkà, ìdí ẹ̀rọ ìlagi ni mo wà, tí mo ń kó eruku pákó. Ariwo ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn. Nínú orin yìí, gìtá oníná ń ké bíi pákó tí wọ́n ń là, ìlù ń dún bí òjò lórí páànù, ẹnì kan sì ń kígbe láàárín wọn bí ẹni tí ilé ń jó mọ́. Ara mi balẹ̀.

Ọmọ náà ló fi ìkànnì kan hàn mí, níbi tí wọ́n ti ń kọ àríwísí sí àwo orin tí ilé iṣẹ́ ńlá kankan kò mọ̀, èyí tí àwọn olórin ń ṣe nínú yàrá ara wọn, tí wọ́n sì ń dà sórí káséètì díẹ̀. Ọkùnrin kan ní ìlú olótùútù ló ni ìkànnì náà. Àwo tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i ti pọ̀ ju etí rẹ̀ lọ, ó sì ń wá ẹni tí yóò máa bá a gbọ́. Mo kọ díẹ̀ ránṣẹ́. Ó gbà á.

Kì í ṣe èmi nìkan ló ń kọ ọ́ o. Ìyàwó mi, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló ń tún Gẹ̀ẹ́sì mi ṣe. Ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà ló ń lọ, inú ẹgbẹ́ akọrin ló sì wà, nítorí náà kò fẹ́ gbọ́ orin náà rárá. Ní àárọ̀ Sátidé, màá gbé ìwé mi síwájú rẹ̀, yóò sì mú bírò pupa. "Ta ló tún ń pariwo lọ́sẹ̀ yìí, Bàbá Ìbejì?" ni yóò kọ́kọ́ bi mí. Yóò fa ìlà, yóò yí ọ̀rọ̀ padà, yóò dá a padà fún mi. Kò bá mi wí rí nítorí rẹ̀, kò sì yìn mí rí. Mo rò pé bí ìgbádùn láàárín tọkọtaya ṣe ń rí nìyẹn, n kò sì bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi fúnra mi ni mo fa wàhálà wọlé. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi kúrò ní Adó láràárọ̀, mo máa ń jókòó ti olùkọ́ kan tó ń sọ̀ ní Ìyìn, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìtàn ní ilé ìwé girama. Ó bi mí ní ohun tí mo ń gbọ́ tí mo fi ń mi orí. Mo fún un ní íápíìsì kan, mo fi ìkejì sétí ara mi. Kí oṣù tó parí, òun náà ti ń kọ àríwísí fún ìkànnì yẹn, gbogbo ayé sì ń dá a lóhùn lábẹ́ ìwé rẹ̀. Tèmi kì í kọjá bíi, "Ìlù yára. Orin kẹta ló dára jù. Ìkarùn-ún ti gùn jù." Tirẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ báyìí pé inú igbó àwọn òrìṣà ni bàbá òun ti tọ́ òun dàgbà. Bàbá rẹ̀ wà láàyè nígbà náà, katikíìsì ìjọ Áńgílíkà ni, bàtà rẹ̀ sì máa ń dán lọ́jọ́ gbogbo. Bàbá ìyá tèmi ló ní ojúbọ lẹ́yìnkùlé. Èmi ni wọ́n máa ń rán lọ gbá ibẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń gbọ́ bí ó ṣe ń bá ohun tó ń bọ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá àgbàlagbà tó ń jẹun sọ̀rọ̀. N kò kọ ìyẹn sí àríwísí kankan. N kò mọ̀ pé irú rẹ̀ ṣeé kọ.

Mo jowú Tíṣà, bí a ṣe ń pe olùkọ́ inú ọkọ̀ náà. Èyí tó wá burú ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé tirẹ̀ wá sílé wa kí ìyàwó mi bá a tún un ṣe. Èèyàn kò lè lé àlejò, pàápàá nílùú tiwa níbí. Bí ó bá dé, èmi ni màá lọ gún iyán lẹ́yìnkùlé, nítorí ẹ̀yìn ti ń dun ìyàwó mi. Láàárín ìró ọmọ odó ni mo ti ń gbọ́ wọn.

"Tíṣà, ugbó wo ni bàbá yín ti tọ́ yín? Ugbó kan ṣoṣo tí bàbá yín ní, kòkó ló wà níbẹ̀!"

"Ìyá Ìbejì, ẹ máa wò mí. Ṣé òyìnbó máa wá wò ó ni?"

"Irọ́ yìí mà pọ̀ o!"

"Irọ́ kọ́, iyọ̀ ọbẹ̀ ni. Ẹ ṣáà bá mi tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe."

Ìyàwó mi a wá rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ó máa ń jẹ́ kó di ìhà mú. N kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn rí lórí ìwé tèmi. Lọ́jọ́ kan, inú bí mi dé ibi pé mo gbé iyán kúrò nínú odó kí ó tó kúnná. Nígbà tí Tíṣà bu òkèlè àkọ́kọ́, ó dúró, ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, iyán yìí ní kókó."

"Iṣu ni."

"Ní Èkìtì? Ẹ má jẹ́ kí aráálé kejì gbọ́."

Ìyàwó mi wò mí. Ojú tì mí ju bí ó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni káséètì kan dé sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ ọ́fíìsì wa. Ọkùnrin méjì kan, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ló kọ orin inú rẹ̀ nínú ilé onígi kan láàárín yìnyín. Ẹni tó ni ìkànnì kọ̀wé pé kí èmi àti Tíṣà kọ àríwísí kọ̀ọ̀kan. Àwọn olórin náà yóò mú ọ̀kan, wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ká sínú ilé káséètì náà. N kò tíì fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo pẹ́ kí n tó mọ ìwé kà, mo sì fẹ́ kí wọ́n tẹ ohun tí mo kọ sórí ìwé tí ẹlòmíràn yóò kà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ju ìyẹn lọ. Mo fẹ́ kí ìyàwó mi ka ìwé méjèèjì, kí ó sọ pé tèmi ló dára.

Tíṣà gbé tirẹ̀ wá lọ́jọ́ Àìkú kan. Mo ti gbé tèmi sórí tábìlì ṣáájú. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ka tèmi, ó ka ti Tíṣà, kò rẹ́rìn-ín. Bírò kò kúrò níbi tó wà.

"Ẹ fún mi ní nǹkan etí yẹn," ó ní.

"Ìyá Ìbejì, orin kèfèrí ni o," ni Tíṣà wí.

"Mo gbọ́. Ẹ gbé e wá."

Mo so íápíìsì mọ́ rédíò káséètì wa. Ó dijú, ó sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún yí i padà, ó gbọ́ ojú kejì. Èmi àti Tíṣà jókòó bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó la ojú, ó ní kí Tíṣà yé gbọn ẹsẹ̀. Nígbà tí ó yọ ọ́ létí, ó gba bébà tuntun, ó kọ nǹkan tí kò kún ìdajì rẹ̀, ó sì tì í sí wa.

Ohun tó kọ ni pé àwọn ọmọ yìí ń pe ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ kò dá wọn lójú mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pariwo. Bí orúkọ rẹ̀ bá dá wọn lójú, wọn ì bá pè é jẹ́jẹ́. Ó ní kí wọ́n má dákẹ́, nítorí bóyá ẹni náà kò jìnnà.

Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ah," ó ní, ó sì mú ìwé tirẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó ká a sápò. Mo ti gbọ́ káséètì náà débi pé mo lè súfèé orin inú rẹ̀. Èmi ni mo sì gbọ́ bàbá ìyá mi tó ń bá tirẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Obìnrin tí kò dé ojúbọ rí ló wá rí ohun tí mo ti mọ̀. Mo jowú rẹ̀ títí ó fi dùn mí ní àyà.

Mo fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú tèmi, tirẹ̀ sì ni àwọn olórin náà mú. Ó ní kí wọ́n má kọ orúkọ òun sórí orin kèfèrí nítorí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà "Ìyá Ìbejì, Adó-Èkìtì" ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó ni ìkànnì kọ̀wé bi mí bóyá olórí abọ̀rìṣà ni ìyá náà. Mo dáhùn pé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń kọ́. Nínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Tíṣà mí kanlẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ìyàwó yín ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa."

"Ìwọ lo kọ́kọ́ pa á lẹ́rìn-ín," mo ní.

"Ṣùgbọ́n kò tíì dijú gbọ́ mi rí."

Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé òun náà ń jowú. Ọjọ́ náà ni mo tó fẹ́ràn rẹ̀.

Ìyàwó mi kò kọ òmíràn mọ́. Àìsàn tó mú un lọ kò pẹ́, ó sì ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Kọ̀ǹpútà ló ń tún Gẹ̀ẹ́sì mi ṣe nísinsìnyí, kì í bi mí ta ló ń pariwo. Mo ṣì ń kọ àríwísí, Tíṣà náà ṣì ń kọ ọ́, a sì ṣì ń wo iye èèyàn tó dá ẹnì kejì lóhùn.

Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yẹn tún tẹ káséètì náà jáde láìpẹ́ yìí, ẹni tó ni ìkànnì sì sọ fún mi pé wọ́n fi ìwé pẹlẹbẹ náà sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Níbi tí mo ti ń ronú lórí rẹ̀, mo rí i pé owú tí mo ń jẹ kò tíì tán, ẹni tí mò ń jowú nìkan ló yí padà. Èmi mọ gbogbo ohun tí ìyàwó mi sọ láyé, kò sì sí òmíràn tí yóò bọ́ sí mi létí. Ṣùgbọ́n níbì kan nínú òtútù, ẹnì kan tí n kò mọ̀ yóò ṣí káséètì náà lónìí, yóò tú ìwé inú rẹ̀, ìyàwó mi yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.