Bí Mo Ṣe Kọ́ Ọmọ Láti Má Dá Ìyá Rẹ̀ Lóhùn

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sí ìbẹ̀rù tí ariwo kò lè wò. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní Woolwich, nílùú òyìnbó níbí, nígbà náà. Tí mo bá ti gbé e sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí ẹ̀yìn ń dùn mí, màá mú fèrè mi, ó di pápá ní Thamesmead, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní eré sísá. Ìwé kan ṣoṣo ni mo kà nípa bí àwọn kọ́ọ̀ṣì ńlá ṣe ń fi ìnira múra ọmọ sílẹ̀ de ìdíje, ni mo bá di ọ̀jọ̀gbọ́n!

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan wà lọ́dọ̀ mi, òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé ní Glyndon. Eré tí wọ́n ti ń fo igi ló ń sá. Ní pápá wa, kò sẹ́ni tó lè bá a. Ṣùgbọ́n bí èrò bá ti pọ̀ lọ́jọ́ ìdíje, jìnnìjìnnì á bò ó, á fẹsẹ̀ gbá igi. Ìdíje ńlá kan sì ń bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: ẹni tó bá ṣe ipò kìíní tàbí ìkejì á wọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò ṣojú orílẹ̀-èdè yìí nílẹ̀ òkèèrè. Ọdún yẹn nìkan ló kù tí ọjọ́ orí rẹ̀ á fi gbà á láàyè.

Mo gbé ìnira dé lóòótọ́. Mo ní kí àwọn yòókù máa pariwo lé e lórí. Màá fi í sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ nínú òjò kí n tó fọn fèrè. Bó bá gbá igi kan, gbogbo wọn ni yóò tún un sá, wọ́n á sì máa kùn sí i. Ó fara dà á. Ohun kan ló kù: bí àgbàlagbà bá pe orúkọ rẹ̀, kíá ló ń yíjú. Ilé ire ló ti wá, èmi sì ka ìyẹn sí àléébù.

Mo bá ìyá rẹ̀ lọ́jà Beresford Square, ó ń ra ata lẹ́yìn iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mo ní kó máa wá sí pápá, kó máa pe ọmọ náà bó bá fẹ́ gbéra, kí ọmọ má sì dáhùn.

"Àúsùbílà! Kí n pe ọmọ mi kó má dá mi lóhùn? Kọ́ọ̀ṣì, ṣé ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ?"

"Kó lè wọ ẹgbẹ́ ni, Mummy."

Nítorí ẹgbẹ́ yẹn ló ṣe gbà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bó ṣe pè é báyìí, ọmọ dìde fùú, "Mà?", ó tiẹ̀ kúnlẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìyá pè é títí ohùn há, ọmọ kò ṣẹ́jú, kò gbá igi kankan. Mo pàtẹ́wọ́. Ìyá ń tún ìborùn rẹ̀ so.

Lọ́jọ́ ìdíje, èmi àti ìyá dúró nítòsí ibi tí wọ́n ti ń gbéra. Bí àwọn ọmọ ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ìyá figbe ta, ó ń pe orúkọ rẹ̀ léraléra. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpè ká tó sọ ohun tá a pè é fún. Ọmọ kò yíjú. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní obìnrin yìí mà mọṣẹ́ o. Ìbọn dún. Ó ti ṣíwájú gbogbo wọn dé igi kẹrin kó tó tẹ okùn bàtà rẹ̀ tó tú, ó sì ṣubú gbì. Okùn yẹn ni ìyá rẹ̀ ti rí tó fi ń pè é.

"Mo pè é," ló sọ, kò gbé ohùn sókè. "Ẹ̀yin náà gbọ́ mi, Kọ́ọ̀ṣì."

Mo gbọ́. Ojú tì mí débi pé n kò lè bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà kò wọ ẹgbẹ́, kò sì bá mi jà rárá, ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo ti dàgbà báyìí, orúnkún kò jẹ́ kí n kọjá Yarnton Way tó wà nítòsí ilé mi. Àwọn kọ́ọ̀ṣì kéékèèké máa ń wá bi mí bí wọ́n ṣe lè fi ìnira kọ́ ọmọ. Mo ní kí wọ́n lo ariwo, kí wọ́n lo òjò bó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ ìyá ọmọ kúrò nínú ẹ̀. Wọ́n á ní, "Kí ló dé, Uncle?" Ó máa ń rẹ̀ mí láti ṣàlàyé.