Gbólóhùn Méjì Tí Ògbufọ̀ Yọ Kúrò

Bí ẹ bá wọ ilé ẹjọ́ tí ẹ gbọ́ tí obìnrin kan tó múra dáadáa ń wí pé, "Olúwa mi, èmi ni mo jí ewúrẹ́ náà, ebi ló ń pa mí," ẹ má tíì pè é lólè. Ògbufọ̀ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí kò gbọ́ èdè ilé ẹjọ́, kó gbé e kalẹ̀ fún adájọ́ gẹ́lẹ́ bí olóhùn ṣe sọ ọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó lè jí ewúrẹ́, kó kọ ọkọ mẹ́ta, kó sì lu onílé rẹ̀ ní àlùbami, tó bá di ọjọ́ Ẹtì yóò gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, yóò máa lọ sílé bí ọmọlúàbí. Ẹnu Aráyé ni àwọn akọ̀wé ilé ẹjọ́ ń pè é. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò sì sí lọ́yà tó lè sọ pé ó bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni rí. Bó bá túmọ̀ ìwé, òǹtẹ̀ rẹ̀ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀: "Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀. N kò fi kún un, n kò yọ nínú rẹ̀." Ó ti tẹ òǹtẹ̀ yìí débi pé ọwọ́ rẹ̀ kì í bi í léèrè mọ́ kó tó tẹ̀ ẹ́.

Òun náà ló sọ pé òun fẹ́ padà sí yunifásítì ní ọmọ ọdún méjìlélógójì, lọ gba oyè másítà nínú àfiwé lítíréṣọ̀ àti èdè. Oyè àkọ́kọ́, kíláàsì òpin ọ̀sẹ̀ ló fi gbà á, ọdún méje gbáko. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún fíríìjì ṣe, bi í pé kí ni wọ́n ń fi wé kí ni níbẹ̀.

"Ìtàn tiwa àti ìtàn àwọn ẹlòmíì. Ohun tó máa ń sọnù bí ọ̀rọ̀ bá kúrò nínú èdè kan bọ́ sínú òmíì."

"Wọ́n á wá fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí torí ìyẹn?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Lọ jàre. Látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ lo ti ń bá rédíò jà lórí ìtumọ̀. Ó ti tó kí ẹnì kan dá ọ lóhùn."

Ẹ má fojú ṣeré wò ó o. Ilé ẹjọ́ kì í fún ẹni tó bá ti pé ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ láyè láti lọ kàwé, ọdún kan péré ló sì kù fún un. Bí ilẹ̀kùn yìí bá tì, ó tì nìyẹn.

Yunifásítì ní kó mú lẹ́tà ẹ̀rí méjì wá, ọ̀kan láti ibi iṣẹ́, èkejì láti ọwọ́ ẹni tó kọ́ ọ níwèé. Adájọ́ kọ tirẹ̀ wéré. Èkejì, ta ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe Tíṣà? Tíṣà ló kọ́ ọ ní èdè nílé ẹ̀kọ́ girama, òun ló kọ́kọ́ sọ fún un pé etí rẹ̀ dára. Ọkùnrin náà ti fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ sì ti lọ pátápátá. Yàrá kan lẹ́yìn ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé, ó to àwọn ìwé rẹ̀ láti èyí tó ga jù dé èyí tó kúrú jù, kí ọwọ́ lè mọ̀ wọ́n.

"Èdè wa tí mo fi kọ́ ọ ni màá fi jẹ́rìí rẹ," ni Tíṣà wí. "Mú bírò. Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Tó bá yá, kí o túmọ̀ ẹ̀ fún wọn."

Ẹlòmíì ì bá ti sọ pé kò bójú mu kí èèyàn túmọ̀ lẹ́tà tí wọ́n kọ nípa ara rẹ̀. Kò tilẹ̀ wá sí obìnrin yìí lọ́kàn. Níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ògbufọ̀ kì í ṣe èèyàn, ẹnu lásán ni.

Tíṣà yìn ín, ó fi ìkọ̀wé rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ọ̀lẹ ni bó bá kan ìṣirò. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ kan, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà: "Òun ló yege fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fún ilé ẹ̀kọ́ wa lọ́dún tó ṣe tán. Èmi ni mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, tí mo fi ti ọmọ àbúrò mi sí i."

Bírò kò dúró. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti kọ́ ọ pé ohunkóhun tó wù kí èèyàn sọ, ọwọ́ kì í dúró. Tíṣà dákẹ́, ó kọjú sí i. Obìnrin náà gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń béèrè bíi ti ilé ẹjọ́ pé, "Kí ló kù, sà?"

Tíṣà mí kanlẹ̀. Ó sọ ìyókù, obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ síbi tó yẹ kó fọwọ́ sí.

Ó dé ilé kò lè jẹun. Ó dùn ún dé egungun. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti gbà pé òun fìdí rẹmi. Síbẹ̀, nígbà tó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ ní ilé ẹjọ́ lọ́jọ́ kejì láti túmọ̀ lẹ́tà náà, tó dé ibi gbólóhùn méjì yẹn, ó rí àwọn àjèjì lọ́kàn rẹ̀ tí wọ́n ń ka ẹ̀ṣẹ̀ àgbàlagbà afọ́jú, tí wọ́n ń mi orí. Kò lè gbà á. Ó fò wọ́n, ó parí rẹ̀, ó tẹ òǹtẹ̀, ó fi í ránṣẹ́. Ó ti dé ilé kó tó rántí ohun tí òǹtẹ̀ náà búra sí.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún lẹ́yìn náà ni akọ̀wé yunifásítì pè é.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, òǹtẹ̀ yín la rí lábẹ́ lẹ́tà tí wọ́n kọ nípa yín. Ṣé ẹ̀yin lẹ túmọ̀ ẹ̀ ni?"

"Èmi ni."

"Háà, mà. Kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi èyí tí wọ́n fọwọ́ sí gan-an ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ méje, ká wá ẹlòmíì tó máa túmọ̀ ẹ̀. Tí a ò bá rí i, ọ̀rọ̀ yín parí nìyẹn o."

Obìnrin náà gbé fóònù kalẹ̀. Bó bá fi í ránṣẹ́, àṣírí Tíṣà tú, irọ́ tirẹ̀ náà sì tú. Bí kò bá fi í ránṣẹ́, ó dìgbóṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ó gba ilé Tíṣà lọ pẹ̀lú bébà tuntun.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ká kọ òmíì. Ká fo ibì kan."

"Ibo?"

"Ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, sà. Mo yọ ọ́ nínú ìtumọ̀. Wọn ò mọ̀ yín bí mo ṣe mọ̀ yín."

Bàbá náà ní, "O rò pé àwọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀? Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń wá ẹnu tí màá fi sọ ọ́ fún ọ, mi ò rí i. Ìgbà tí o wá gba lẹ́tà ni mo ní, ó dáa, ibẹ̀ ni màá gbé e gbà. Mo sọ ọ́ tán, mo ń retí ẹ. O ní, 'Kí ló kù, sà?'" Ó na ọwọ́, ó ń wá etí àga. "O ń bá olè sọ̀rọ̀, o ń bá adájọ́ sọ̀rọ̀. Èmi, o ò dá mi lóhùn."

Obìnrin náà lanu. Kò sí ẹni tó máa sọ ọ́ fún un kó tó tún un sọ.

"Ó dùn mí, sà," ló sọ níkẹyìn. "Mo sọ fún bàbá mi pé mo fìdí rẹmi. Wọ́n kú, ohun tí wọ́n mọ̀ nípa mi nìyẹn. Mò ń bínú sí yín, Tíṣà. Mò ń bínú gan-an."

Kò sọ irú rẹ̀ sí àgbà rí láyé. Ó ń retí kí òrùlé já lé òun lórí.

"Mo gbọ́," ni Tíṣà wí. Omi ti dà lójú rẹ̀. "Mo bẹ̀ ọ́. Fi í ránṣẹ́ bó ṣe wà."

Ó fi í ránṣẹ́, ó sì fi ìwé kékeré tirẹ̀ sí i: "Èmi ni mo yọ gbólóhùn méjì, mo sì tẹ òǹtẹ̀ lé e. Mo ṣe àṣìṣe." Nígbà tí wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àwọn olùkọ́ mẹ́ta kò bi í ní nǹkan mìíràn tó pọ̀. Wọ́n ní, gbèsè ta ni ògbufọ̀ ń jẹ, ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni àbí ti ẹni tó ń gbọ́? Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko, kò túmọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Oṣù kejì, wọ́n gbà á. Ilé Tíṣà ló kọ́kọ́ yà.

"Wọ́n ti gbà mí wọlé, sà."

Bàbá náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúpẹ́, ó dúpẹ́, títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó wá béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé o ṣì ń bínú sí mi?"

Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé mọ èsì tó yẹ kó fún àgbà nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Òun náà mọ̀ ọ́n.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Tíṣà mi orí. Ó sún síwájú díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ nu àyè tó ṣí sílẹ̀ náà. "Ó dáa," ló wí. "Jókòó."