Ẹ̀jẹ́ Ogójì Páì Ápù

Ká ní Fúnlọ́lá Adéyanjú sọ pé páì lásán lòun yóò máa mú wá, ọ̀rọ̀ ìbá rọrùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìkórè ọdún 1974, nígbà tí ó dìde láàárín ìjọ pẹ̀lú ọmọ oṣù méje lẹ́yìn rẹ̀, ayọ̀ kò jẹ́ kí ó ṣọ́ ẹnu. Ó ní bí Ọlọ́run bá dá ọmọ náà sí, ogójì páì tí a fi ápù ṣe lòun yóò máa gbé wá síwájú pẹpẹ lọ́dọọdún, títí ọmọ náà yóò fi lè gbé tíréè náà fúnra rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ibẹ̀. Ìjọ ṣe àmín. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, torí ápù kì í ṣe nǹkan tí ènìyàn ń ká lẹ́yìnkùlé ní Sábóńgàrì, nílẹ̀ Hausa tí wọ́n ń gbé.

Ó nídìí tó fi jẹ́ ápù. Ọmọ méjì ló ti sin kí ó tó bí Wùnmí. Nígbà tí ó lóyún ẹ̀kẹta, kò sí oúnjẹ tó ń dúró nínú rẹ̀. Rosaline, aládùúgbò wọn tó ń dáná fún òyìnbó kan, ló mú páì ápù kan bọ̀ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fi bébà wé e, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó jẹ ẹ́, ó dúró. Lọ́jọ́ kejì ó jẹ òmíràn, ìyẹn náà dúró. Láti ìgbà náà ló ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé páì yẹn ni ọmọ náà jẹ tó fi di ènìyàn.

Kí Rosaline tó kó lọ sí ìlú wọn, ó kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀. Fúnlọ́lá mọ bí a ṣe ń fi orí ìka ra bọ́tà mọ́ fúláwà títí yóò fi dà bí gàrí, tí a ó wá ta omi tútù sí i díẹ̀díẹ̀. Ó mọ bí a ṣe ń rẹ́ ápù wẹ́wẹ́, tí a ó sè é pẹ̀lú ṣúgà, kànáfùrù àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ lórí iná tí kò le. Ìgò ló fi ń yí ìyẹ̀fun náà kó lè fẹ̀, ẹnu ife ló fi ń gé e róbótó. Yóò bu ápù sí i láàárín, yóò ṣẹ́ ẹ po sí méjì, yóò fi fọ́ọ̀kì tẹ etí rẹ̀, yóò sì dín in nínú òróró ẹ̀pà títí tí yóò fi pọ́n. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni kò yẹ̀. Nígbà míì ìbà a máa ṣe Wùnmí, ara rẹ̀ a gbóná bí iná, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kì í bẹ̀rù púpọ̀. Ó máa ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun kò jẹ Ọlọ́run ní gbèsè kankan.

Nígbà tó di ọdún 1984, ọjà òkè òkun wọ́n bí ojú. Ápù pòórá. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìkórè kẹwàá pé nígbà tí Fúnlọ́lá lọ bá Jímọ́ọ̀ ní Ibo Road, ẹni tó ti ń ta ápù fún un láti ọdún kìíní.

“Màmá Wùnmí,” ni Jímọ́ọ̀ wí, “mo ti gbàgbé àwọ̀ ẹ̀. Tí ẹ bá rí ọ̀kan níbikíbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un wá kí n wò ó.”

Ó lọ títí dé Hotoro, òfo ló bá bọ̀. Ọkọ rẹ̀, Ọlákúnlé, akọ̀wé ní iléeṣẹ́ rélùwéè, rí i bí ó ṣe bọ́ bàtà tí eruku ti bò, ó ní ọ̀pẹ òyìnbó wà lọ́jà, ṣé Ọlọ́run yóò ní òun kì í jẹ ọ̀pẹ òyìnbó ni? Fúnlọ́lá fèsì pé ẹnu òun kò dárúkọ ọ̀pẹ òyìnbó lọ́jọ́ náà.

Ó tọ Bàbá Obadiah Ìbíkúnlé lọ. Bàbá yìí ni àgbà ìjọ, òun ló sì ń rántí ẹ̀jẹ́ oníkálùkù. Ó fi ọgbọ̀n ọdún yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú ọkọ̀ ojú irin kí ó tó fẹ̀yìn tì, ojú tó sì fi ń wo tíkẹ́ẹ̀tì náà ló fi ń wo ẹ̀jẹ́. Fúnlọ́lá kúnlẹ̀, ó ro ẹjọ́ rẹ̀, ó bèèrè bóyá a lè fi èso mìíràn rọ́pò.

“Tíkẹ́ẹ̀tì Zaria kì í gbé ènìyàn dé Kaduna, ọmọ mi,” ni Bàbá wí. Lẹ́yìn náà ló bojú wò ó dáadáa. “Ápù nìkan lò ń wá kiri. Apá kejì ẹ̀jẹ́ náà ń kọ́? Ọmọ yẹn ti lè gbé tíréè láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìwọ ni kì í jọ̀wọ́ etí tíréè náà.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára ju òǹgbẹ ọ̀nà lọ. Òótọ́ ni. Lọ́dọọdún ni Wùnmí ń na ọwọ́ sí tíréè, lọ́dọọdún ni ìyá rẹ̀ ń di etí kan mú, wọn a jọ gbé e lọ. Ẹ̀rù tó ń ba Fúnlọ́lá, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí: bí òun bá yẹ ẹ̀jẹ́, ọmọ lè lọ, bí ẹ̀jẹ́ náà bá sì parí, kí ni yóò tún máa dì í mú? Bí ó ṣe ń rìn bọ̀ wálé, ó pinnu. Yóò wá ápù rí, yóò sì san ẹ̀jẹ́ náà tán, apá kìíní àti apá kejì.

Ó gbọ́ pé ọkọ Evelyn, obìnrin kan tí wọ́n jọ kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin tẹ́lẹ̀, kó ápù bọ̀ láti ìrìn àjò òkè òkun. Ọmọ ológun ni ọkọ náà, àdúgbò Brigade ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí Fúnlọ́lá dé ibẹ̀, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán, ó ku ẹyọ kan tí Evelyn gbé sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kí àlejò lè máa rí i. Ara rẹ̀ ti hunjọ. Evelyn rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀ṣọ́ ilé òun nìyẹn, kì í ṣe fún jíjẹ. Fúnlọ́lá kò bẹ̀bẹ̀, kò sì dìde. Ẹ̀wà wà nílẹ̀ níwájú Evelyn, ó bá a ṣà á. Nígbà tí wọ́n ṣà á dé ìdajì, ó sọ ìtàn ọmọ méjì tó sin, ó dárúkọ wọn.  Evelyn nu ọwọ́ mọ́ aṣọ rẹ̀, ó lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ápù kan ṣoṣo, páì ogójì. Fúnlọ́lá gbé e sórí tábìlì ìdáná, ó jókòó tì í. Ibẹ̀ ni Wùnmí bá a nígbà tó ti iléèwé dé, tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó sì kí i ní Hausa bó ṣe máa ń ṣe. Bí ọmọ náà ṣe lanu, òórùn kan jáde.

“Kí lò ń jẹ?”

“Kúrnà ne, Mama.”

Ọmọ náà la ọwọ́. Èso wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè ni, irú èyí tí àwọn ọmọbìnrin Hausa ń fi igbá kiri nígbà ọyẹ́. Ọjọ́ tí Fúnlọ́lá ti ń rí i kò ṣe é kà, kò fi kan ẹnu rí, ó kà á sí ìpanu ọmọdé. Ó ju ọ̀kan sẹ́nu. Ó gbẹ díẹ̀, ó dùn díẹ̀, ó sì kan díẹ̀, àfi bí ápù tí oòrùn ti fà gbẹ. Ó tún ju òmíràn sẹ́nu, ó sì rán Wùnmí padà sọ́nà pẹ̀lú abọ́.

Ó gún kúrnà náà, ó yọ kóró rẹ̀, ó sè é bí ó ti ń se ápù, ó dì í, ó sọ mẹ́fà sínú òróró. Nígbà tó yá, wọ́n ń wú. Èso gbígbẹ náà kò tíì mumi yó, inú òróró gbígbóná ló ti wá ń wú. Páì kìíní là, ìkejì là, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tú dà sínú òróró, ó di dúdú. Ọlákúnlé ṣa àfọ́kù wọn jẹ, ó ní ó dùn.

“Ẹ̀yin kọ́ ni mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún, Bàbá Wùnmí,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ó da òróró náà nù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ tó ṣáájú ìkórè, ó rẹ kúrnà sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sì fọwọ́ kàn án títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó mumi yó tán, ó sè é. Ó wá mú ápù Evelyn, ó bó o, ó rẹ́ ẹ sí ọ̀nà mọ́kànlélógójì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èékánná ọmọdé. Kí ó tó pa páì kọ̀ọ̀kan dé, ó tẹ́ ẹ̀là ápù kan sórí kúrnà inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bọ́ sínú òróró, kò sí èyí tó là.

Ní ọjọ́ kejì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn, ó sì sọ òótọ́ fún ìjọ. Ó ní kúrnà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí ápù kò sí nínú rẹ̀, òun sì ti dín ọ̀kan lé ogójì fún ẹni tó bá ṣiyèméjì, kó gé e wò. Bàbá Ìbíkúnlé ní kí wọ́n mú ọ̀kan náà wá. Ó la á, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó fi ìka wá ẹ̀là funfun náà títí ó fi rí i. Ó jẹ ẹ́. Ó mi orí, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọ̀nà lè là.

Fúnlọ́lá gbé tíréè lé ọwọ́ Wùnmí. Ìka tirẹ̀ ṣì wà létí tíréè náà. Ọmọ náà wo ojú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá, èdè tí kì í sábà jáde lẹ́nu rẹ̀: “Ẹ fi sílẹ̀, Mọ̀ọ́mì.”

Ó fi sílẹ̀.

Wùnmí ń lọ. Láàárín ọ̀nà, tíréè náà tẹ̀ sápá kan, páì kan yọ̀ dé etí, ọmọ náà dúró, ó tún un gbé, ó ń lọ. Fúnlọ́lá kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ rẹ̀ sí. Níkẹyìn ó kó méjèèjì sẹ́yìn, ó di wọ́n pọ̀ nísàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ìdí ọmọ náà máa ń wà nígbà tí ó ń pọ̀n ọ́n, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí tíréè fi kan pẹpẹ.