Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni Àlàájì Fa Ọkọ̀ Náà

Òórùn epo mọ́tò ni wàá kọ́kọ́ gbọ́ tó o bá wọ àdúgbò Màhjár ní Jẹ́dà, ìlú àwọn Lárúbáwá, kódà lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ tí gbogbo ilé mẹkáníìkì bá wà ní títì. Ibẹ̀ ni mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe nígbà náà, ọ̀rẹ́ mi, ibẹ̀ náà ni mo ti mọ Àlàájì kan tó ń ṣe aláàárù. Nílé lọ́dọ̀ wa, kó tó wá síbẹ̀, eré alágbára ló ń ṣe kiri: ó ń fi ọwọ́ lásán tẹ irin, ó ń fi okùn fa mọ́tò. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin rẹ̀ tí wọ́n bí sí Jẹ́dà kò gbà á gbọ́. Ẹrù nìkan ló mọ̀ pé bàbá òun ń rù, ọ̀rọ̀ yẹn sì ń dun Àlàájì wọra.

Ló bá ní òun máa fa ọkọ̀ akẹ́rù ọ̀gá mi níwájú ọmọ náà, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀. Ó fà mí sí kọ̀rọ̀.

“Jókòó sínú ọkọ̀, kó o fa bíréèkì ọwọ́. Màá fà á lẹ́ẹ̀mejì, kò ní lọ. Tí mo bá ti pe Bísímílà, tú u sílẹ̀.”

“Àlàájì, ṣé kì í ṣe ẹ̀tàn nìyẹn?”

“Èmi náà ni màá fà á, àbí? Mo kàn fẹ́ kí àyà wọn kọ́kọ́ já ni.”

Èrò pé lóòótọ́. Àlàájì gbé okùn kọ́ àyà, ó fà á, ó ṣubú. Ó tún fà á, ó ń mí hẹlẹ. Ọmọ rẹ̀ ti ń fi híjáàbù bojú. Àánú ọmọ náà ṣe mí débi pé mo gbàgbé pé èmi náà wà nínú eré. “Bísímílà!” Ó fà á títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ, ọkọ̀ kò mira, òun ló tún ṣubú. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí bíréèkì. Yéè!

Ó dìde, ó gbọn iyanrìn nù, ó wò mí láti ìta. Ká ló ní, “Òmùgọ̀ yìí ni kò tú bíréèkì,” ojú ì bá má tì í mọ́. Kò sọ ọ́. Ó kọjú sí èrò, ó rẹ́rìn-ín: “Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nara ni!” Mo tú bíréèkì kíá, ó fà á lẹ́ẹ̀kẹrin. Táyà yí, ọkọ̀ ńlá yẹn ń tẹ̀lé e bí àgbò. Ariwo ta! Ọmọ náà sáré lọ dì mọ́ ọn tòun ti òógùn.

Nígbà tí mo lọ dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Dìde jàre. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tiẹ̀ dùn ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ.”

Èmi náà ti di ọ̀gá báyìí, oníbínú sì ni mí, o mọ̀ mí. Tí ẹni tó ń bá mi ṣiṣẹ́ bá ṣe àṣìṣe níwájú oníbàárà, ẹnu máa ń yún mi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan gbà kí ọmọ tó bí rí òun bí ẹni tó kùnà, kí ojú má bàa ti èmi tí kò bí. Mo máa ń gbé ọ̀rọ̀ náà mì.