Káàdì Dáàmù Tí Màmá Ń Wá Wò Lọ́jọ́ Ìsinmi

Kò sẹ́ni tó gbọ́ nípa àwọn káàdì mi tí kò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹlòmíràn ń kó owó àtijọ́ jọ, èmi ń kó àwòrán dáàmù, ìyẹn ògiri ńlá tí wọ́n fi ń sé odò. Ọ́fíìsì kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù Àpápá ni mo ti ń tẹ̀wé nígbà náà. Àwọn atukọ̀ tó bá wá fọwọ́ síwèé a máa fún mi ní káàdì aláwòrán tí òyìnbó fi ń kí ará ilé láti ìrìn àjò. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé ti dáàmù ni mo fẹ́, èyí tó bá sì ti gbó ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó ń sáré látàárọ̀ dalẹ́ bíi tèmi, omi tó dúró sójú kan a máa wù ú wò.

Ní Ajégúnlẹ̀ tí mò ń gbé, màmá àgbà kan wà ní yàrá tó kọjú sí tèmi. Ìjọba ti kó òun àtàwọn ẹbí rẹ̀ kúrò nílùú wọn létí odò Ọya nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe dáàmù síbẹ̀, omi sì bo gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan ó rí káàdì kan lọ́wọ́ mi, àwòrán àtijọ́ ni: ògiri dáàmù tí wọn ò tíì mọ parí, àti ìlú kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀ tí omi ò tíì dé, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì láàárín.

“Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe ilé wa nìyí?”

Mo mọ̀ pé kì í ṣe é. Atukọ̀ tó fún mi ti sọ pé ìlú òyìnbó kan ni, omi sì ti bò ó tipẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, aṣọ ọ̀sẹ̀ kan tí mo fẹ́ fọ̀ sì ń dúró dè mí.

“Ó jọ ọ́, Mà,” ni mo wí.

Àṣé ìyọnu ni mo fọwọ́ ara mi rà. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bó bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì mi.

“Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni mo sin àkọ́bí mi sí,” ló máa ń wí. Á fìka kan ibẹ̀, omijé á sì máa dà lójú rẹ̀. Ojú máa ń tì mí, síbẹ̀ n kì í jẹ́wọ́ irọ́ mi fún un.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé ọdún kan. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan nígbà òjò, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, màmá tún kanlẹ̀kùn mi.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́! Kì í ṣe ilé yín. Ìlú òyìnbó ni!”

Irọ́ o, òótọ́ o, àárẹ̀ ló mú mi sọ méjèèjì. Màmá padà sí yàrá rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ mo mú káàdì náà lọ bá a, mo kúnlẹ̀, mo ní kó máa jẹ́ tirẹ̀. Ó fi lé mi lọ́wọ́ padà.

“Mú un lọ, ọmọ mi. Sàréè ọmọ ọlọ́mọ ni mo ti ń sunkún sí.”