Máńgòrò Tí Bàbá Ìyìn Ń Fimú Wò

Títí dòní, àwọn Aládùúrà Rippleside nílùú òyìnbó ṣì ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí Ìyá Bọ́ládé kó èso síwájú pẹpẹ láti fi dúpẹ́ ọjọ́ ìbí. Gbogbo ìjọ kúnlẹ̀, wọ́n dijú, wòlíì ń gbàdúrà. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tí wọ́n lajú, Bàbá Ìyìn ni wọ́n bá nídìí èso, tòun ti sùtánà funfun, tó ń gbé máńgòrò símú níkọ̀ọ̀kan.

“Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe?” wòlíì bi í.

“Bíbélì ní kí á dán gbogbo ẹ̀mí wò, sà.” Ó gbé ọ̀kan sókè. “Èyí pupa fòò, kò sì ní òórùn kankan. Ẹ má fi dúpẹ́.”

Ojú ti Wúrà, ìyàwó rẹ̀, débi pé ẹsẹ̀ ló fi rìn padà sílé wọn ní Becontree, kó má baà bá ará ìjọ pàdé nínú bọ́ọ̀sì.

Máwàwọ̀mi ni Bàbá Ìyìn ń wá. Ó ní irú máńgòrò bẹ́ẹ̀ ò sí níbòmíràn, àfi lẹ́yìnkùlé bàbá òun ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bó bá pọ́n tán, àwọ̀ ewé náà ni yóò ṣì ní. Kóró rẹ̀ pẹlẹbẹ, kò sì ní okùn tó ń há séyín.

“Ojú kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n,” ló máa ń wí, “imú ni.”

Hameedah tó ń ta èso ní Ripple Road rí i jù. “Bàbá, ẹ rà á o. Ẹ ti fimú fa adùn rẹ̀ tán.”

Lẹ́nu Bàbá Ìyìn, ibi tí igi náà ti ṣẹ̀ kì í dúró sójú kan. Lọ́dún kan, àdán ló gbé kóró rẹ̀ wá. Nígbà tí àlejò wá láti Peckham, àdán ti di òyìnbó tó gun ẹṣin.

“Bàbá Ìyìn, àdán èṣí dà?” Wúrà bi í.

“Òun ló tẹ̀ lé òyìnbó náà.”

Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ó gba òun gbọ́. Ó tún bi í lórí ibùsùn àìsàn. “Ọjọ́ tí mo bá jẹ ẹ́, màá gbà,” Wúrà fèsì, ó sì rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìyìn kú lọ́sẹ̀ náà. Ẹ̀rín yẹn ń dun Wúrà wọra.

Nígbà tí Kúnmi, àbúrò Bàbá Ìyìn, dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ó kó máńgòrò mẹ́ta láti ẹ̀yìnkùlé bàbá wọn fún Wúrà. Wúrà rí àwọ̀ ewé, ó ní wọn ò tíì pọ́n, ó rì wọ́n sínú gàrí kí wọ́n lè pọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, òórùn dídùn gba ilé kan. Ó yẹ̀ wọ́n wò, àwọ̀ ewé náà ni. Ó bu ọ̀kan jẹ, omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgúnpá, kò sí okùn kankan.

Ó dojú kọ fọ́tò ọkọ rẹ̀ lára ògiri. “Bàbá Ìyìn, mo gbà yín gbọ́. Ẹ má bínú pé ó pẹ́.” Ó wá yíjú sí Kúnmi. “Ta ló gbin igi yìí gan-an?”

“Kò sẹ́ni tó mọ̀, ìyàwó wa. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló máa ń sọ ọ́.”

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Wúrà gbé ọ̀kan lọ síwájú pẹpẹ.

“Ìyá Ìyìn, èyí ò tíì pọ́n,” wòlíì wí.

“Ẹ fimú wò ó, sà.”

Wòlíì gbé e símú, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. “Níbo lẹ ti rí irú èyí?”

Àárò ọkọ rẹ̀ sọ Wúrà, ó nu ojú. “Òyìnbó kan tó gun ẹṣin ló gbé e dé Ìjẹ̀bú-Igbó, sà,” ó ní. “Àdán kan tẹ̀ lé e.”