Tíì Ìṣápá Tó Kọ̀ Tí Kò Pọ́n

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ẹ lọ bi alágbàfọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Má-fọwọ́-kàn-án. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi gba orúkọ ìnagijẹ yẹn: bí oníbàárà bá ti na ọwọ́ sí aṣọ funfun tó ń lọ̀, á ti jágbe, "Má fọwọ́ kàn án!" Ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Àbàwọ́n epo, ti yíǹkì, ti ẹ̀jẹ̀, kò sí èyí tó lè dúró níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tíì lásán, tíì òdòdó ìṣápá, ló fẹ́ sọ ọ́ di wèrè.

Ọmọbìnrin rẹ̀ bímọ sí ìlú kejì, ìyàwó rẹ̀ sì fẹ́ lọ ràn án lọ́wọ́ fún oṣù méjì. Kó tó lọ, ó fi ìyá tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ kí wọ́n tó lọ mú un wá.

"Mo bẹ̀ yín," ìyàwó ní, "ẹ má jẹ́ kí màmá mi padà sí ilé yẹn kí n tó dé. Bí wọ́n bá ti rí tíì wọn mu láàárọ̀, wọn ò ní yọ yín lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń sè é…"

Ọkùnrin yìí kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Kí ló wà nínú ká se tíì? Èmi tí mò ń se sítáàṣì látọjọ́ yìí?"

Háà. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó da òdòdó sínú kẹ́tù, ó bu omi sí i, ó sè é, ó dà á sínú ife funfun. Ìṣápá tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí pupa fòò wá rí bí aró tó ti ṣá. Màmá wo inú ife, ó tọ́ ọ wò, ó sì gbé e sílẹ̀.

"Ọkọ ọmọ mi, aṣọ ta lo fọ̀ sínú eléyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì ó fi kún òdòdó, tíì náà dúdú sí i. Lọ́jọ́ kẹta ó sè é títí kẹ́tù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. Ó ju atalẹ̀ sí i, ó ju kànáfùrù sí i, asán ni. Kò kan rárá, ó kàn ń yọ̀ lẹ́nu bí omi ọṣẹ. Inú bí i débi pé ó ń bá kẹ́tù sọ̀rọ̀: "Kí ni mo fi ṣe ọ́?" Ó gbé òdòdó tó kù, ó di ọ̀dọ̀ obìnrin tó tà á fún un.

"Ẹ ti ta ọjà tó ti bàjẹ́ fún mi."

Obìnrin náà kò bá a jà. Ó mú òdòdó kan ṣoṣo nínú èyí tó gbé wá, ó jù ú sínú ife omi tó ń mu lọ́wọ́. Kíá, omi pọ́n. Ó wo ọkùnrin náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Ọkùnrin yìí gba ọjà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ pẹ̀lú ìtìjú.

Ẹ̀yin náà á ní, ṣebí fóònù wà, kó pe ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ń pè é nírọ̀lẹ́ ojoojúmọ́! Á béèrè, "Tíì wọn ńkọ́?" Òun náà á dáhùn, "Ó ń lọ geere." Irọ́ funfun báláú. Ìgbéraga ọkùnrin yìí, àfi Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Màmá di báàgì. "Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Ọmọ àbúrò mi máa fi mọ́tò wá gbé mi ní Sátidé. Mo fẹ́ lọ se tíì mi fúnra mi." Àtẹ̀gùn ilé yẹn ni ọkùnrin náà ń rò, ẹnu ìyàwó rẹ̀ ló sì ń rò.

Láàárọ̀ Fúráìdè, káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn wá gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Wọ́n ní ìyàwó yín rìnrìn àjò. Ta ló wá ń pọn omi tíì fún yín? Mi ò rí ẹnikẹ́ni nídìí táńkì."

"Omi wo?"

"Omi òjò tiwa. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbé kẹ́ẹ̀gì wá. Wọ́n ní omi ilé yín kò ṣeé fi se ìṣápá."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọkùnrin náà yíjú sí dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tó ti ń bu omi tíì. Omi kànga wọn le, ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń da sódà ìfọṣọ sí i ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Òun fúnra rẹ̀ ni, ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wá rántí ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀, tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì jáde, àti ohun tí òun máa ń sọ láti orí bẹ́ẹ̀dì: "O tún ti ń lọ ṣòfófó!"

Ó lọ pọn omi náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ lọ́nà. Ó sè é, ó pọ́n fòò, ó sì kan dáadáa. Ó fi oyin díẹ̀ sí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Màmá. Màmá mu ún dé ìdajì kó tó sọ̀rọ̀.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Káfíńtà ni, mà."

"Káfíńtà." Ó tún mu díẹ̀. "Ọmọ mi sọ fún ọ lọ́dún tẹ́ ẹ ṣègbéyàwó pé sódà ń ba ìṣápá jẹ́, ojú mi ló ṣe. O ní sódà yẹn ló ń bọ́ ilé, pé ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ kó wá omi tirẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlélógún rèé, o sì ń bá a mu nínú tíì náà."

"Màmá, ẹ mọ̀, ẹ sì ń wò mí níran?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá bi í ni. Ojoojúmọ́ ló ń pè ọ́."

Kò dúró dìrọ̀lẹ́. Òun ló pe ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Irọ́ ni mo ń pa fún ọ. Tíì náà kò lọ geere rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ pọn omi lọ́dọ̀ káfíńtà ni." Ó tún fi kún un pé, "Kẹ́ẹ̀gì yẹn wúwo o."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ gbé e," ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Ó ṣì di fóònù mú létí nígbà tí Màmá pè é láti inú yàrá pé kó wá bá òun tú okùn báàgì.